Ògiri Tó Tọ́

Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n sì fi ń jẹun láti ìgbà tí irùngbọ̀n kò tíì hù lójú wọn. Bíríkìlà ni wọ́n. Ẹ̀gbọ́n ni àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń pè ní Ojú-Ìwọ̀n, àbúrò sì ni Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀. Àbúrò ló ń to búlọ́ọ̀kù, nítorí ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbé e kalẹ̀ bí ẹni tó gbé ọmọ tó ti sùn sórí ẹní. Bó bá tò ó dé ibì kan, ẹ̀gbọ́n a lọ dúró sí ìkángun ògiri, a di ojú òsì, a fi ojú ọ̀tún wo ìlà náà láti òkè dé ilẹ̀. Bó bá ti wò ó tán, ọ̀rọ̀ parí. Onílé kì í béèrè ohun mìíràn.

Ojú òsì tó ń dì yẹn kò kúkú fi bẹ́ẹ̀ ríran. Símẹ́ǹtì tútù ló ta sí i nígbà tó wà lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó fi omi bọ̀ ọ́ kó máa bá iṣẹ́ lọ, ó sì bá iṣẹ́ lọ títí wọ́n fi ṣíwọ́. Láti ọjọ́ náà, bí èéfín ni gbogbo nǹkan rí lójú ọ̀hún. Ojú kan ṣoṣo ló fi mọ gbogbo ilé tó mọ láyé rẹ̀, kò sì sí ẹni tó rí ọ̀kan nínú wọn tó wọ́.

Àbúrò ti mutí rí. Kì í ṣe ọtí àríyá, ọtí tó ń gbé ènìyàn sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà ni. Láwọn ọdún yẹn, ẹ̀gbọ́n ló ń lọ gbé e, òun ló ń fọ èébì ara aṣọ rẹ̀, òun náà ló sì ń parọ́ fún un. Bí onílé bá béèrè pé Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ dà, a ní ibà ló dá a dùbúlẹ̀. Bí ìyá wọn bá ránṣẹ́, a ní iṣẹ́ ló gbé e lọ sọ́nà jíjìn. Ó pa irọ́ náà débi pé ìyá wọn kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ibà ló ń da àbíkẹ́yìn òun láàmú. Ẹ̀gbọ́n kò ka irú irọ́ bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ó ní aṣọ ni. Ẹni tó bá rí ìhòòhò àbúrò rẹ̀ tí kò bò ó, òun gan-an ló wà níhòòhò.

Nígbà tó yá, àbúrò fi ọtí sílẹ̀. Ara rẹ̀ gbọ̀n, ó làágùn, ó pariwo mọ́ ẹranko tí kò sí nínú yàrá, ó sì là á já. Àmọ́ kò gbẹ́kẹ̀ lé ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ṣíwọ́, á tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wálé, á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa mu omi tútù, ife lẹ́yìn ife, títí oorun yóò fi kùn ún. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń pè é ní ọkọ mi bí a ṣe ń pe àbúrò ọkọ ẹni, a máa fi í ṣe ẹlẹ́yà pé òun kò mọ̀ pé ẹja ni wọ́n fẹ́ òun fún. Àbúrò náà á ní, “Ìyàwó, ẹja ṣì sàn ju ohun tí mo jẹ́ tẹ́lẹ̀ lọ.” Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi jókòó síbẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ yí padà, ẹ̀rín ni wọ́n fi rín. Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn nípa iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ènìyàn. Férémù ilẹ̀kùn tí káfíńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fún wọn, ó ní ó wọ́. Òpó iná tó wà lójú pópó, ó ní ó tẹ láàárín bí ẹni tí inú ń run. Ó ní ojú ti kúrò lára àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ayé ìsinsìnyí. Ìyàwó rẹ̀ ti ilẹ̀kùn náà, ó ṣí i, ó tún tì í.

Ó ní, “Bàbáa wọn, férémù tó wọ́, báwo ni ilẹ̀kùn ṣe ń pa dé sínú rẹ̀?”

“Ilẹ̀kùn náà ló wọ́ bẹ́ẹ̀. Olè méjì ló mọ ojú ara wọn.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ pá àbúrò tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lórí.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gba iṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí kan, ògiri gígùn gbọọrọ tí kò ní fèrèsé kankan. Irú ògiri bẹ́ẹ̀ kì í bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Nígbà tí àbúrò tò ó dé àyà, ẹ̀gbọ́n lọ sí ìkángun, ó di ojú òsì, ó wò ó. Ó tún un wò. Ó ní ògiri yọ ikùn láàárín, kí wọ́n wó o.

Àbúrò mú irin ìwọ̀n olómi, ó gbé e lé ògiri lórí, ó gbé e lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìléròrò kékeré inú omi rẹ̀ dúró sáàárín gbangba, àmì pé ògiri tọ́. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun wá wò ó. Ẹ̀gbọ́n ní òun kò ní wo nǹkan kan, ṣé kì í ṣe irin yìí kan náà ló já bọ́ láti orí pákó lọ́sẹ̀ tó kọjá? Irin tó ti ṣubú kò mọ òótọ́ mọ́. Òótọ́ ni irin náà ṣubú, gbogbo wọn ló rí i. Wọ́n wó ògiri.

Àbúrò tún un mọ. Ó rọra ṣe é, ó ń na okùn mọ́ ìlà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n wò ó, ikùn náà ṣì wà níbẹ̀, ó tilẹ̀ tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọkàn rẹ̀ kò lọ sọ́dọ̀ ojú ara rẹ̀ rárá. Ibi kan ṣoṣo ló lọ. Lójú gbogbo lébìrà àti onílé, ó bọ́ sílẹ̀, ó súnmọ́ àbúrò rẹ̀, ó ní, “La ẹnu rẹ, kí n gbọ́ òórùn rẹ̀.”

Ọkùnrin tó ti hewú lórí la ẹnu bí ọmọdé. Ẹ̀gbọ́n gbóòórùn rẹ̀. Símẹ́ǹtì àti omi ló gbọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti sọ tirẹ̀, kò sì lè gba imú gbọ́ ju ojú lọ. Ó ní, “Ẹsẹ̀ ọ̀mùtí kì í gbàgbé ọ̀nà. O ti padà síbẹ̀.”

Àbúrò wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó yí wọn padà, ó tún wò wọ́n, bí ẹni ń wá ohun tó sọnù. Ó fọ irinṣẹ́ rẹ̀ nínú korobá, ó nù ún gbẹ, ó kó o sínú àpò, ó lọ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò wá lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí ìyàwó yóò fi rán ènìyàn lọ wò ó, wọ́n ti bá a lẹ́bàá gọ́tà.

Ẹ̀gbọ́n ní, ṣé ẹ rí i? Ohun tí òun rí kọ́ nìyẹn?

Ó ní kí wọ́n wó ògiri kejì náà, ó sì gba ẹlòmíràn tó ń to búlọ́ọ̀kù. Òun fúnra rẹ̀ dúró tì í, ó ń darí rẹ̀: tì í sínú díẹ̀, fà á síta díẹ̀, títí ojú rẹ̀ fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nígbà tí wọ́n parí, ó ní ògiri tó tọ́ nìyí. Onílé mú ẹnjiníà tirẹ̀ wá pẹ̀lú ohun ìwọ̀n tuntun. Ògiri náà wọnú láàárín bí ikùn ẹni tí ebi ń pa. Kò sí ẹni tó gbà kí Ojú-Ìwọ̀n sọ̀rọ̀. Wọ́n wó o lójú rẹ̀, wọ́n gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn, àwọn lébìrà sì ń sọ lẹ́yìn rẹ̀, kì í tilẹ̀ ṣe kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, pé Ojú-Ìwọ̀n ti di Ojú-Ìwọ̀sí.

Ìyàwó rẹ̀ ló mú un lọ sí ilé ìwòsàn ojú. Ó ní bó bá kọ̀, òun á so ó mọ́ ẹ̀yìn òun bí ọmọ.

Obìnrin tó ń ya àwòrán inú ojú ló kọ́kọ́ gbà wọ́n. Ó fi ọwọ́ bo ojú òsì baba náà, ó gbé páálí kan síwájú rẹ̀ tí wọ́n fa ìlà sí ní òró àti ní ìbú bí àwọ̀n, pẹ̀lú àmì dúdú kan láàárín. Ó ní kí ó máa wo àmì náà, kí ó sọ bí ìlà ṣe rí. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín ìyangàn. Ó ní ta ló fa ìlà yìí? Ó ní ó wọ́ láàárín, ó rì bí ilẹ̀ tí wọn kò tẹ̀ dáadáa. Bó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ òun ló ti kọ́ṣẹ́ ni, òun á ní kó tún un fà.

Obìnrin náà yí páálí náà, apá tó wà lókè bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tún gbé e síwájú rẹ̀.

Ibi tó rì náà kò bá páálí yí. Ó dúró sójú kan náà.

Ẹ̀gbọ́n ní kó tún un yí. Ó yí i dorí kodò. Ibẹ̀ náà ló ṣì wà. Ìyàwó rẹ̀ tó jókòó létí ògiri rí i tí ẹ̀rín kúrò lójú ọkọ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí omi tó ń fà sínú iyanrìn.

Wọ́n kán oògùn sí i lójú kí ọmọlójú rẹ̀ lè là. Wọ́n gbé àgbọ̀n rẹ̀ lé orí irin, iwájú orí rẹ̀ fara ti ọ̀já kan, wọ́n ní kó tẹjú mọ́ iná kékeré aláwọ̀ búlúù, kí ó má mira. Nígbà tí àwòrán yọ, dókítà pè wọ́n, ó jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́. Ó ní awọ kan wà lẹ́yìn inú ojú, òun ló ń gba àwòrán gbogbo ohun tí a ń rí. Àárín rẹ̀ gan-an la fi ń rí ohun tí a bá dojú kọ. Lára àwòrán náà, awọ ọ̀hún rí ní ìpele ìpele, ọ̀kan lórí èkejì. Ẹ̀gbọ́n yí orí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ó tó lè rí i dáadáa. Ìlà búlọ́ọ̀kù ló rí. Láàárín, àwọn ìlà náà gbé sókè, nǹkan kan sì wà lábẹ́ wọn.

Ó bi í pé ṣé gbòǹgbò ló wà nísàlẹ̀ ilé yìí ni.

Dókítà ní kò jìnnà sí bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún fa oògùn olómi pupa rúsúrúsú sí i ní iṣan apá, wọ́n ní kí ó má bẹ̀rù bí ìtọ̀ rẹ̀ bá mọ́lẹ̀ bí àtùpà, wọ́n sì jẹ́ kí kámẹ́rà máa kọ mànà sí i lójú léraléra bí oògùn náà ti ń sáré kọjá lẹ́yìn ojú rẹ̀. Àwòrán yìí fi àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ hàn. Àwọn tí a dá mọ́ ọn yà lẹ́ka-lẹ́ka bí igi tó ní ètò. Ṣùgbọ́n láàárín, níbi tí kò yẹ kí ohunkóhun wà, àwọn iṣan wíwẹ́ kan ló lọ́ mọ́ra wọn bí irun tó dí ojú omi, oògùn náà sì ń jò láti inú wọn, ó ń tàn ká. Dókítà ní ara tó ń darúgbó ló hu àwọn iṣan yẹn. Wọn kò lágbára. Wọ́n ń jo omi àti ẹ̀jẹ̀ sábẹ́ awọ, wọ́n ń tì í sókè, ìdí nìyẹn tí ohun tó tọ́ fi ń wọ́ lójú baba.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n bi í. “Ìgbà wo ló ti wà níbẹ̀?”

Dókítà ní òun kò lè mọ ọjọ́. Ó fi ìka tọ́ ibi kan tó funfun létí èyí tó ń jò, ó ní àpá nìyẹn, àpá kì í sì í ṣe ohun àná.

“Ṣé ó ti lè wà níbẹ̀ nígbà tí a ń mọ ilé ìkẹ́rùsí, kí òjò tó kọjá yìí tó bẹ̀rẹ̀?”

“Ó ti wà níbẹ̀, Bàbá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lójú.”

Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́kún. Dókítà rò pé nítorí ojú ni, ó ń tù ú nínú. Ó ní abẹ́rẹ́ wà tí àwọn ń fún sínú ojú, ó lè dá jíjò náà dúró, àwọn á máa ya àwòrán láti mọ̀ bóyá ó ti ń gbẹ. Èyí tó ti di àpá ni kò ní padà. Ẹ̀gbọ́n ní kí wọ́n fún un. Wọ́n kán oògùn tó ń pa ara kú sí i lójú, wọ́n gún un, kò mira. Kí ó tó kúrò níbẹ̀, ó bẹ obìnrin ayàwòrán náà pé kó tẹ àwòrán méjèèjì sórí ìwé fún òun. Ó ní ẹnì kan wà tó yẹ kó rí i.

Ní gbogbo ọ̀nà ni ẹnu rẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń há ọ̀rọ̀ sórí. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ láyé báyìí: kí àbúrò rẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ pé ògiri náà tọ́, kí ọtí tó gbé e lọ pátápátá. Ó gbà pé bó bá ti gbọ́ ọ, ọwọ́ rẹ̀ á sọ igò sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Yàrá kan lẹ́yìn ìsọ̀ àwọn tó ń lẹ táyà ni àbúrò ń gbé. Òwúrọ̀ ni wọ́n lọ, kí wọ́n lè bá a kí ó tó mu púpọ̀. Ó jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, ó ti rù, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lórí orúnkún rẹ̀. Nígbà tó rí wọn, ó fẹ́ dìde, ó fẹ́ nu àga fún ìyàwó. Kò sí ìbínú kankan lójú rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ó bínú ni, ì bá rọ ẹ̀gbọ́n lọ́rùn.

Ẹ̀gbọ́n jókòó tì í. Bó bá wo àbúrò rẹ̀ tààrà, ojú àbúrò náà á pòórá, kìkì etí méjèèjì àti èjìká ni yóò kù. Nítorí náà ó wo ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀, kí ó lè rí i. Ó sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan bò: páálí tí wọ́n yí, awọ tó gbé sókè, àwọn iṣan tó ń jò. Ó gbé àwòrán lé e lọ́wọ́. Ó ní, “Ojú mi ló wọ́. Ògiri rẹ tọ́. Ti àkọ́kọ́ tọ́, èkejì náà tọ́. Mo ṣẹ̀ ọ́.”

Àbúrò wo àwòrán náà. Ó gbé e lé bẹ́ẹ̀dì. Ó béèrè bóyá ògiri náà ṣì wà níbẹ̀, kí òun lọ fọwọ́ kàn án. Ẹ̀gbọ́n ní àbúrò òun náà mọ̀ pé kò sí níbẹ̀ mọ́. Òun fúnra òun ló ní kí wọ́n wó o.

Àbúrò mi orí. Ẹ̀rín kékeré kan wá sí ẹnu rẹ̀.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun.”

“Ọpẹ́ ti kí ni?”

“Ẹ ti ń bò mí láti kékeré. Ẹ sọ fún Màmá pé ibà ni. Ẹ sọ fún gbogbo onílé. Mo máa ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn nígbà míì, mo ń wò yín. Bí ẹ bá ń parọ́ nítorí mi, ẹ kì í wo ojú ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ lẹ máa ń wò. Bí ẹ ṣe ń wò mí yìí.”

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ló fèsì. Ó ní òun wà níbẹ̀, ojú òun ni wọ́n ṣe gún abẹ́rẹ́ náà.

Àbúrò ní, “Ìyàwó, ẹ̀yin náà lẹ máa ń gbé oògùn ibà dání kí irọ́ náà lè dúró.” Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìfẹ́. Ó wá sọ ohun tó ti wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ó ní gbígbóòórùn ẹnu kọ́ ló dun òun. Ẹni tó fọ èébì ẹni lè gbóòórùn ẹnu ẹni. Ó ní nígbà tí irin sọ pé ó tọ́, tí ojú ẹ̀gbọ́n òun sọ pé ó wọ́, èwo ni kí òun gbà gbọ́? “Ojú yín kò parọ́ rí. Mo ní ọtí ti jẹ ọwọ́ mi tán nínú, mo kàn ń fi omi tan ara mi jẹ ni. Mo ti fi í sílẹ̀, òun kò fi mí sílẹ̀. Kí ni mo tún ń ṣọ́?” Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, wọ́n ń mì bí ewé. “Ẹ wò ó. Ojú yín ló kọ́kọ́ rí i.”

Ẹ̀gbọ́n yí ojú rẹ̀. Ó dojú kọ ọ́ tààrà, bí ẹni tó ń sòótọ́ ṣe yẹ kó ṣe. Kò rí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, àfi àwọ̀ eérú kan láàárín etí méjì. Ohun tó rí náà ló bá sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ọmọ ìyá mi, ògiri náà tọ́.” Omi ń dà lójú rẹ̀ méjèèjì, èyí tó ń ríran àti èyí tí kò ríran.

Àbúrò dì í mú. Ó fi apá ẹ̀wù rẹ̀ nù ún lójú, ó ń rọra ṣe é ní ibi tí abẹ́rẹ́ ti mú un pọ́n. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má jẹ́ kí wọ́n tún gún ojú tó dá ṣáká nítorí tòun. Ó ní ojú kan ṣoṣo ló ní. Ó ní bó bá jẹ́ pé nítorí kí òun lè gbà ni, kò pọn dandan, ìfẹ́ tó wà nínú rẹ̀ ti tó òun.

Kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe mọ́ níbẹ̀. Ìyàwó kó àwòrán sínú àpò. Àbúrò sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Àtẹ̀gùn kan wà níbẹ̀, kò ga ju búlọ́ọ̀kù kan lọ. Ẹ̀gbọ́n tẹjú mọ́ ilẹ̀ kó lè rí i, ilẹ̀ pòórá, ẹsẹ̀ rẹ̀ tàsé, ó sì ṣubú lu ògiri.

Àbúrò fò mú un. Ó gbé e dìde, ó gbọn eruku kúrò lára aṣọ rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́, bí a ti ń rẹ́rìn-ín sí ọmọdé tó ń díbọ́n.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ó tó. Mo ti gbà.”

Ó ti ilẹ̀kùn. Àwọn méjèèjì dúró níta, ìyàwó di ọkọ rẹ̀ lápá mú, wọ́n sì gbọ́ tó ń fa igò jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.